Omi Ìdájí Ilé Ẹ̀pẹ́

Ìbèṣè,
lẹ́bàá Ìkòròdú.

Làmídì, Àjàní ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n bá ọ yọ̀ pé o ti rí iṣẹ́ akọ̀wé sí Ẹ̀pẹ́. Mo yọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O ní kí n máa fi àdúrà ran Nímọ́tà ìyàwó rẹ àti ọmọ ọwọ́ yín lọ́wọ́. Kò sí àárọ̀ tí n kì í ṣe é. O wá fi ayọ̀ sọ pé Bàbá Ṣùrájù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ti yọ̀ǹda yàrá méjì fún yín lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé bàbá yín, àti pé Nímọ́tà kò ní í ru omi mọ́ nítorí omi ẹ̀rọ wà nínú ilé. Ibẹ̀ ni ayọ̀ mi ti pin. Omi ẹ̀rọ yẹn ni ó ba ayé Ṣìdí àbúrò rẹ jẹ́, n kò sì fẹ́ kó kan ẹnu ọmọ rẹ.

Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n sọ fún ọ kọ́ nìyí. Wọ́n sọ fún ọ pé àwọn ará inú omi ni wọ́n tẹ̀ lé mi láti Ìbèṣè wá bá ilé ọkọ mi jà, àti pé nígbà tí àṣírí fẹ́ tú ni mo gbé ọmọ sá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dákẹ́, nítorí bàbá rẹ wà láyé, n kò sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ìtìjú bàbá rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó ti kú báyìí. Kí Ọlọ́run foríjì í. Èmi náà ń gbìyànjú. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà bí o bá rí ibi tí gègé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé, mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá jà. Sítáńdáàdì kejì péré ni mo kà dé ní ilé ìwé ìjọ ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ èyí.

Kí o lè mọ ohun tí mò ń sọ, ó yẹ kí o mọ ilé náà, nítorí ọdún Iléyá nìkan ni o máa ń dé ibẹ̀, ẹran nìkan ni ojú rẹ sì máa ń rí. Àwọn bàbá ńlá yín bá ọba wọn kúrò ní Èkó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ láyé ogun, àwọn ọmọ wọn kò sì gbàgbé láéláé pé ará Èkó ni àwọn. Nígbà tí bàbá bàbá rẹ lówó nídìí òwò, ó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó gbé tánkì ńlá sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé kó máa gba omi òjò, ó sì ní kí wọ́n ra páìpù láti Èkó, kí wọ́n gbà á gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹnu ẹ̀rọ kan ní ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo àdúgbò ń fa omi kànga. Ilé yín nìkan ni wọ́n ti ń yí nǹkan kí omi tó dà. Lọ́jọ́ tí mo wọ ilé náà bí ìyàwó, ẹnu ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí kí n tó mọ ibi tí n ó sùn.

Wọ́n ní àṣà kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ mọ́. Ní ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ni yóò kọ́kọ́ ṣí i, yóò sì gba omi tó ti sun inú páìpù mọ́jú sínú àwo tánganran kan. Omi ìdájí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní oríire bàbá tó kọ́lé wà nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń po ẹ̀kọ fún ọmọ tó bá kéré jù nínú ilé.

Ìwọ kò mu nínú rẹ̀. Ìkòròdú ni a bí ọ sí, nígbà tí bàbá rẹ ń ṣòwò aṣọ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní kó padà wá sílé, ìyá mi gbá ọ mú, ó ní òun kò ní í fi ọmọ-ọmọ òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí o ṣe dàgbà sí Ìbèṣè nìyẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, o sọ fún mi pé mo fi ọ́ sí oko láàrin èéfín ẹja, mo sì tọ́ Ṣìdí ní ilé ọlá. N kò fèsì nítorí àlejò. Èsì mi rèé: oko ló gbà ọ́ là, Làmídì.

Ẹ̀pẹ́ ni a bí Ṣìdí sí. Nígbà tí mo já a lẹ́nu ọmú, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi ìdájí wá fún mi. Inú mi dùn. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọmọ apẹja, tí àwọn ìyàwó ilé máa ń yínmú sí pé òórùn ẹja kò tíì kúrò lára mi, ọmọ mi ni wọ́n wá ń fi omi bàbá bọ́. Ọmọ náà sì já fáfá. Kó tó pé ọdún méjì, ó ti ń pe gbogbo ará ilé lórúkọ, ó sì máa ń sín Bàbá Ṣùrájù jẹ bó ṣe ń rìn, tí gbogbo wa yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Yóò di ikùn mú, yóò ká kò sílẹ̀. Kì í rí ìgbẹ́ yà bọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ń funfun, oúnjẹ kò wù ú mọ́. A fún un ní àgbo títí àgbo fi sú òun àti èmi. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbàgbé orúkọ mi. Ọjọ́ tí gìrì kọ́kọ́ gbé e, ìyá ọkọ mi kò wo ọmọ. Èmi ló ń wò.

Àsìkò yẹn náà ni páìpù jò. Ẹni tó wá tún un ṣe gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó fi ọwọ́ lásán ká a kò, ó sì jù ú sílẹ̀. Mo mú un. Ibi tí wọ́n gé ń dán bí fàdákà, ó sì wúwo ju ohun tí ojú rí lọ. Ọmọ apẹja ni mí, mo mọ òjé. Òjé ni bàbá mi máa ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Bí ó bá fẹ́ yọ́ ọ, etí ọ̀sà ló ń lọ, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí ìkòkò tó fi yọ́ ọ padà wọ ilé ìdáná, nítorí a ti rí àwọn ọkùnrin tí inú ń run nídìí èéfín rẹ̀. Mo bá gbé páìpù náà lọ bá bàbá rẹ.

“Bàbá Làmídì, òjé ni páìpù yìí o. Òjé ni ọmọ wa ń mu.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ọwọ́ mi ló sọ fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e wò.”

Ó gbé e. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà mí gbọ́. Ó wá ní, “Ṣe sùúrù ná. Jẹ́ kí bọ̀dá mi dé.”

Bàbá Ṣùrájù dé, ó sì rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, “Ìyàwó, ẹja lẹ mọ̀ ní Ìbèṣè. Ṣé páìpù lo tún fẹ́ wá kọ́ wa báyìí? Bàbá wa mu omi yìí títí tó fi darúgbó.”

Mo ṣe bí ẹni ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo gbé Ṣìdí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, mo sì gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ṣí ètè rẹ̀. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà lára èrìgì rẹ̀, níbi tí eyín ti yọ, bí ẹni fi idọ̀tí ìdí ìkòkò fà á. Ó bi mí pé irú omi wo la ń mu. Nígbà tí mo sọ fún un, ó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín. Dókítà ní omi òjò tó bá sùn nínú páìpù òjé, ó máa ń jẹ òjé náà mọ́ra ni. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ló burú jù. Ọmọdé ló sì ń ṣe léṣe jù, torí ọpọlọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà.”

“Bí mo bá sè é ńkọ́, nọ́ọ̀sì?”

“Iná ò lè pa òjé, mà. Ẹ má fún un mu mọ́. Èyí tó ti bàjẹ́, ká máa bẹ Ọlọ́run.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí padà wá sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n pe ìpàdé ní pálọ̀. Ìyá Àgbà ń sunkún, ó ní, “Omi tí mo fi tọ́ gbogbo ọmọ mi, òun lo fẹ́ sọ di májèlé? Kí ló dé táwọn yòókù ò kú?” Àwọn kan kú. Ìyàwó Bàbá Ṣùrájù ti sin ọmọ méjì kí n tó dé ilé náà, wọ́n ní àbíkú ni wọ́n. Ó jókòó sí igun pálọ̀ lọ́jọ́ náà, ó wo ilẹ̀, n kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà sójú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá omi ló pa wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Bàbá Ṣùrájù ló wá sọ òótọ́ ibẹ̀. Ó ní, “Tá a bá fa páìpù yìí yọ, kí la fẹ́ sọ fáráyé? Ṣé pé bàbá wa ń fọ́mọ rẹ̀ ní májèlé jẹ?” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti yé e pátápátá. Bàbá rẹ jókòó tì í, ó ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá Ìyá Àgbà tó gbé àwo tánganran sẹ́nu Ṣìdí, tó ń rọ̀ ọ́ pé, “Mu, Àbẹ̀kẹ́ mi, mu, kí ara ẹ lè yá.” Ìfẹ́ ni, Làmídì. Ìfẹ́ ló fi ń fún un. Mo gba ọmọ mi, mo di ẹrù mi, mo sì lọ sí èbúté. Bàbá rẹ bá mi gbé ẹrù dé inú ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró sí etí omi títí n kò fi rí i mọ́. Ọkọ tó lè gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀, tí kò sì lè gbé ayùn sí páìpù, irú rẹ̀ ni n kò fẹ́ kí o dà.

Ìwọ mọ Ṣìdí bó ṣe wà báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bí ọmọ kejì. Òun ń bá mi to ẹja sórí ìyanja, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbọ̀n méjì. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n. Bí n kò bá sí nílé, wọn yóò wá ra ẹja lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́ ẹ jẹ. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Kò sí ọkùnrin tó wá tọrọ rẹ̀ rí, àfi ọ̀kan tí mo fi ọmọ odó lé jáde. Nígbà tí mo bá kú, ọwọ́ rẹ ni yóò bọ́ sí.

Nítorí náà gbọ́ mi dáadáa.

Èkínní, má gbé ọmọ rẹ wọ ilé náà bí páìpù yẹn bá ṣì wà nínú ògiri. Má gbà fún wọn bí wọ́n bá ní kí ẹ kàn má mu ún. Ẹ̀yìn rẹ ni wọn yóò ti ṣe àṣà wọn. Nímọ́tà yóò lọ ra ẹja ní Ọjà Olúwo, yóò gbé ọmọ fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé, kó tó dé, wọn yóò ti fún un mu pẹ̀lú àdúrà. Jẹ́ kí wọ́n gé e láti ìdí tánkì, kí wọ́n sì fa gbogbo rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sè é, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i, sọ fún wọn pé omi náà ti mọ́ lójú tẹ́lẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò rùn. Omi kànga wa ní Ìbèṣè tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń pọ́n nígbà òjò, ṣùgbọ́n ìwọ tí o mu ún ń kọ ìwé fún ìjọba. Ẹ pọn kànga, ẹ sè é, ẹ mu ún.

Èkejì, àwọn fèrèsé òkè yẹn. Ọ̀dà àtijọ́ ló wà lára wọn, ó nípọn, ó sì ń bó. Dókítà sọ fún mi pé òjé máa ń wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, àti pé ó máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu ọmọdé. Ṣìdí fẹ́ràn láti dúró ní fèrèsé máa retí bàbá rẹ̀, á sì máa gé igi rẹ̀ jẹ. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé kó má ba fèrèsé jẹ́. Wo ohun tí mò ń bẹ̀rù nígbà náà. Má jẹ́ kí wọ́n ha ọ̀dà náà ní gbígbẹ nígbà tí ìyàwó àti ọmọ rẹ wà nínú ilé, nítorí eruku rẹ̀ kò dára. Bí ẹ bá ti rẹ ẹ́ lómi, tí ẹ bó o, kí ẹ nu ilẹ̀ dáadáa.

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fa páìpù yọ, àwọn apẹja yóò wá tọrọ rẹ̀ fún àwọ̀n wọn. Kí wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n má yọ́ ọ nítòsí ọmọdé, kí wọ́n má sì fi ìkòkò ọbẹ̀ yọ́ ọ.

Ó tún kan ojú títì. Akọ̀wé ni ọ́ báyìí, o wọ ṣòkòtò funfun, wàá sì máa rò pé ará Ẹ̀pẹ́ yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí ọ níwájú mọ́sáláṣí tí o ń fa omi kànga nígbà tí ẹ̀rọ wà nílé yín. Wọn yóò rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ.

Wọn yóò kó òwe jọ sí ọ lórí. Wọn yóò ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, Làmídì, wọ́n pọ̀ débi pé àga kò tó, orí ọmọ mi sì wọ́. Wọn yóò ní sùúrù ni baba ìwà. Mo ṣe sùúrù láti ọjọ́ tí páìpù jò títí di ọjọ́ tí mo lọ sí Èkó, gbogbo àárọ̀ tó wà láàrin rẹ̀ ni Ṣìdí sì ń mu. Wọn yóò ní bàbá àgbà mu ún, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Àgbàlagbà ni bàbá àgbà nígbà tí wọ́n fa ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò fi omi ìdájí po ẹ̀kọ fún un ní kékeré. Wo Bàbá Ṣùrájù fúnra rẹ̀ bí o bá dé ibẹ̀. Inú ń run ún, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ẹlòmíràn ló ń bá a di bọ́tìnnì. Ó ní ọjọ́ ogbó ni.

N kò ní kí o bú wọn. Ìdílé rẹ ni wọ́n, o sì ti ń wá ojú rere wọn láti kékeré. Mo mọ̀ bí ó ti dùn tó pé wọ́n fún ọ ní yàrá. Dọ̀bálẹ̀ fún wọn dáadáa, kí ikùn rẹ kan ilẹ̀. Bí o bá dìde, gbé ayùn. Bí wọ́n bá ní o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o lọ gba yàrá kan sí ibòmíràn, kódà bí òrùlé rẹ̀ bá jẹ́ koríko. Èyí tó kù jẹ́ ti Nímọ́tà. Lọ́jọ́ tó bá sọ fún ọ pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ yìí, gbà á gbọ́ kí o tó bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ léèrè. Ojú rẹ̀ ló wà lára ọmọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ó bá burú, wọn yóò sọ fún ọ pé òun ló fà á. Bí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, tí o sì dákẹ́ bí bàbá rẹ ti dákẹ́, má pè mí ní ìyá mọ́.

Fi èsì ránṣẹ́ kí ẹ tó kó ẹrù. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kà nínú rẹ̀: pé a ti fa páìpù náà yọ, tàbí pé ẹ kò lọ mọ́. Bí mo bá gbọ́ pé ẹ ti wọlé, tí ó sì ṣì wà níbẹ̀, èmi àti Ṣìdí yóò wọ ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. A ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ará Èkó, ẹnikẹ́ni tó bá wá kí yín kú ìjókòó ilé tuntun yóò kọ́kọ́ rí Ṣìdí, yóò sì gbọ́ lẹ́nu mi ohun tó ṣe é. Má rò pé mò ń halẹ̀. Ọmọ kan ni mo fi rúbọ kí n lè jẹ́ ìyàwó tó ń gbọ́ràn. N kò ní ọmọ-ọmọ tí n ó fi rúbọ kí n lè jẹ́ ìyá tó ní sùúrù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Àṣàbí.